Ẹ̀jẹ̀ Oníkọ́ Ẹ̀gbẹ àti Ihò Inú Ẹ̀dọ̀fóró

Ihò tí ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò àrùn náà nìkan kọ́ ló ń gbẹ́ ẹ. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, níbi tó ti ń bá kòkòrò náà jà. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ní ohun tó lè sọ nípa ẹ̀dọ̀fóró. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun fún ara ń gbà lọ sójú ìjà, inú rẹ̀ náà sì ni pàǹtírí ogun ń ṣàn gbà jáde. Àwọn kan ń pe àrùn yìí ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, orúkọ tí àwọn ẹlòmíràn fi sílẹ̀ fún àrùn ẹ̀dọ̀. Orúkọ náà bá ìrora rẹ̀ mu, àmọ́ ó di gbogbo ẹ̀bi ru kòkòrò náà nìkan.

Mycobacterium tuberculosis ni kòkòrò tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ló kéde rẹ̀ ní Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882, ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ àrùn náà lọ́dọọdún títí di òní. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Bí ẹni tó ní in bá wúkọ́, tó sín, tó kọrin tàbí tó pariwo, omi wínníwínní tí ojú kò rí a fò jáde lẹ́nu rẹ̀, a sì máa léfòó nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá mí in símú lè fà á wọnú lọ títí dé àwọn àpò afẹ́fẹ́ tíntìntín tó wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀dọ̀fóró, àwọn àpò tí iye wọn ju 300 mílíọ̀nù lọ nínú àgbàlagbà kan.

Níbẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ti ń pàdé rẹ̀, tí yóò sì gbé e mì. Ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn tó bá wọ ikùn sẹ́ẹ̀lì yìí, ó ti kú nìyẹn. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó lè jókòó sínú ẹni tó gbé e mì, kí ó máa bí sí i. Ara a wá pe àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, wọn a pagbo yí ibẹ̀ ká, wọn a sé kòkòrò náà mọ́ àárín bí ìgbà tí a bá sọgbà yí ẹran ká. Kókó kékeré tó ti ibẹ̀ jáde lè wà lára ènìyàn fún ogún ọdún kí ó má ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ọgbà náà lè wó. Ní 2001, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn ènìyàn 70 tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bẹ́ sílẹ̀ lára wọn lẹ́yìn tí wọ́n gba infliximab, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn tí oríkèé ara wọn ń wú. Iṣẹ́ oògùn náà ni láti pa ohùn TNF, ọ̀kan nínú àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. TNF dákẹ́, ọgbà wó, kòkòrò tó ti ń sùn jí.

Ìjà tó ń dáàbò bo ni náà ló tún ń ba ilé jẹ́. Nígbà tí ó bá gbóná jù, àárín kókó náà a kú, a sì dà bí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, funfun, rírọ̀, tí ó ń rún bí ọwọ́ bá kàn án. Bí wàrà yìí bá yọ́, tó sì já sí ọ̀nà èémí, aláìsàn a wú u jáde, ihò a sì kù síbẹ̀. Kò sí ibùgbé tó tẹ́ kòkòrò náà lọ́rùn tó ihò yìí. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ fàlàlà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun kò ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa, oògùn pàápàá kì í dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Kòkòrò tó ń gbé inú ihò kan ṣoṣo lè tó 10 mílíọ̀nù sí 1 bílíọ̀nù. Ẹni tí ihò bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ń kó àrùn ran ará ilé rẹ̀ jù, òun náà ni oògùn máa ń pẹ́ kí ó tó ràn.

Okùn tí a fi hun ẹ̀dọ̀fóró ni collagen, ohun líle kan náà tó wà nínú awọ àti iṣan. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló lè gé e. Ara ènìyàn ní àwọn énsáìmù kan, MMP lorúkọ wọn, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gé okùn àtijọ́ kí ara lè fi tuntun rọ́pò. Ara tún ní ìjánu tó fi ń dá wọn dúró, tí wọ́n ń pè ní TIMP. Nínú ikọ́ ẹ̀gbẹ, MMP a máa pọ̀ ju ìjánu rẹ̀ lọ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ kan ròyìn ohun tí wọ́n rí nínú eku. Eku tí wọ́n ń lò ní yàrá ìwádìí kì í sábà ní ihò nínú ẹ̀dọ̀fóró bí kòkòrò náà tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi jíìnì MMP-1 ti ènìyàn sínú eku, tí wọ́n sì kó àrùn náà ràn án, collagen inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kòkòrò kan náà ni, irinṣẹ́ ara ló yàtọ̀.

Ẹ̀rí kejì pé ara ló ń gbẹ́ ihò wà ní gbogbo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ẹni tí HIV ti jẹ agbára ìjà ara rẹ̀ tán lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tó pọ̀ dé góńgó, kí fọ́tò X-ray àyà rẹ̀ má fi ihò kankan hàn. Àrùn wà, jagunjagun ni kò sí, ilé kò sì wó. Dókítà tó bá gbójú lé fọ́tò nìkan lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé pé kò ní nǹkan kan.

Ọ̀nà àtijọ́ jù lọ tí a ṣì ń gbà fi ẹ̀jẹ̀ wo bí ìjà yìí ṣe le tó ni ESR. Dókítà ará Sweden kan, Alf Westergren, ló fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1921, àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ gan-an ló sì ń yẹ̀ wò nígbà náà. Wọn a fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tóóró, wọn a gbé e nàró, wọn a sì ka mìlímítà tí sẹ́ẹ̀lì pupa rì láàárín wákàtí kan. Bí ara bá ń jà, purotéènì kan tó ń jẹ́ fibrinogen a pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, a mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tò léra bí àwo nínú káńbọ́ọ̀dù, àpapọ̀ wọn a wúwo, wọn a sì tètè rì. Lára ọkùnrin tó lera, kì í sábà ju 15 lọ, lára obìnrin 20. Ó lè ré kọjá 100 lára oníkọ́ ẹ̀gbẹ. Kò wọ́n, kò sì nílò iná mànàmáná, ìdí nìyí tí kò fi kúrò ní ọ̀pọ̀ láàbù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n oyún ń gbé e sókè, àìtó ẹ̀jẹ̀ ń gbé e sókè, ọjọ́ orí náà ń gbé e sókè. ESR dà bí ajá tó ń gbó gbogbo ẹni tó bá gba iwájú ilé kọjá. Ó dára kí onílé mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀, àmọ́ ajá kò lè sọ ẹni tó jẹ́.

CRP, purotéènì mìíràn tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, yára ju ESR lọ. William Tillett àti Thomas Francis ló rí i ní 1930 ní Rockefeller Institute ní New York, nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn òtútù àyà ń ṣe. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jà nínú ẹ̀dọ̀fóró a rán purotéènì kan, IL-6, sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ a sì tú CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 19, ìdajì rẹ̀ a ti pòórá, nítorí náà bí ìjà bá rọlẹ̀ lónìí, ọ̀la ni CRP yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí wọ́n máa lò ó láti ṣa àwọn tó ní HIV tó yẹ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ fún: ẹni tí tirẹ̀ bá ju mílígíráàmù 5 lọ nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò tó dájú. Ẹni tí CRP rẹ̀ ga púpọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn sábà máa ń jẹ́ ẹni tí àrùn ti gba ibi púpọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ìtumọ̀ gíga rẹ̀ ni pé iná ń jó. Iye yàrá tó ti jó kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ yẹ fún àlàyé díẹ̀, nítorí pé owó púpọ̀ ń bá a lọ. Oníkọ́ ẹ̀gbẹ a máa funfun lójú àti lẹ́nu, ẹbí a sì sáré lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísìtì. Irin tí oògùn náà ní nínú kọ́ ló ń wọ́n lára ẹni náà lọ́pọ̀ ìgbà. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń jẹ irin, ara sì mọ̀, nítorí náà ẹ̀dọ̀ a tú hepcidin jáde, èyí tó ń ti ilẹ̀kùn ilé ìṣúra irin pa. Irin wà nílé, kò rí ọ̀nà jáde, mùdùnmúdùn egungun kò sì rí ohun tí yóò fi ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí wọ́n bá wọn ferritin, àmì irin tó wà ní ìpamọ́, wọ́n lè bá a tó ga ju ti ẹni tó lera lọ. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló ń dá ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà, bí oṣù ti ń gorí oṣù. Purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ albumin náà a máa lọ sílẹ̀, ara a sì máa rù.

Nínú gbogbo ohun tí a ń kà nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán, neutrophil ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ ihò jù lọ. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ débi ìjà ni. Ó ru MMP-8 àti MMP-9 lọ́wọ́, ẹ̀mí rẹ̀ kò sì gùn. Bó bá kú, gbogbo ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ a dà sílẹ̀ sáàárín ilé onílé. Aláìsàn tí neutrophil rẹ̀ pọ̀ sábà máa ń ní ihò, kòkòrò inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ a sì máa pọ̀. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí, inú fáìlì aláìsàn ni èsì rẹ̀ máa ń wà. Ó ṣeni láàánú pé wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó lójú yẹn.

Àwọn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kò sọ nǹkan kan nípa ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn ènìyàn sì ń rò pé ó ń sọ ọ́. IGRA jẹ́ ọ̀kan. Wọn a fi díẹ̀ nínú purotéènì kòkòrò náà sínú ẹ̀jẹ̀, wọn a wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò tú interferon-gamma, purotéènì mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, jáde. Bí wọ́n bá tú u, ara ti bá kòkòrò náà pàdé rí, ó tán. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin àwọn ènìyàn ayé ló ti bá a pàdé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì ní ṣàìsàn rẹ̀ láé. Èyí tó burú jù ni àwọn àyẹ̀wò antibody, purotéènì tí ara ń ṣe láti fi gbógun ti kòkòrò, tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ti pọ̀. Wọ́n ń sọ aláìlárùn di alárùn, wọ́n sì ń jẹ́ kí alárùn máa lọ. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó, Íńdíà sì fòfin dè é ní 2012.

Àwọn kan gbé àyẹ̀wò kúrò lórí purotéènì, wọ́n gbé e lọ sórí jíìnì. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù àti Gúúsù Áfíríkà gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n wo iṣẹ́ tí àwọn jíìnì ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ oníkọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n sì rí ìlànà kan tó ní àmì 393. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti inú neutrophil wá, interferon ló sì ń darí rẹ̀. Bí X-ray bá ṣe burú tó ni àmì náà ń le tó, ó sì ń rọlẹ̀ bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Ní 2016, àwọn mìíràn ní Stanford fi hàn pé jíìnì mẹ́ta péré, GBP5, DUSP3 àti KLF2, lè ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka yóò tó fún.

Síbẹ̀, ariwo ìjà ni gbogbo wọn ń gbọ́. Àmì tó ń ti ara ògiri tó ń wó wá gan-an ṣọ̀wọ́n. PIIINP wà lára wọn. Ègé collagen ni, ó máa ń já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú okùn ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n sì ń hun ún. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 rí i pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn oníkọ́ ẹ̀gbẹ ju ti àwọn tí kò ní in lọ, pé bó ṣe pọ̀ tó bá ìbàjẹ́ tó hàn nínú X-ray mu, àti pé MMP-8 náà pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èérún bíríkì nìyí, ó yàtọ̀ sí èéfín. Àmọ́ kò tíì di àyẹ̀wò tí aláìsàn lè rìn wọ láàbù lọ ṣe.

Ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí oògùn ràn ń gba oṣù mẹ́fà: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì, méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, CRP ọ̀pọ̀ ènìyàn á ti wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ara á padà bọ̀ sípò, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á mọ́. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ohun tó wà lábẹ́ eérú náà ni èsì ẹ̀jẹ̀ kò lè fi hàn mọ́. Àpá tó le ti fa ọ̀nà èémí ya síbi kan, ó ti sún un kì síbi mìíràn, ihò ṣì wà níbẹ̀ ní gbígbẹ, láìsí kòkòrò nínú rẹ̀.

Àwọn awakùsà góòlù ní Gúúsù Áfíríkà ló jẹ́ kí èyí hàn kedere. Ìwádìí tó jáde ní 2000 wo èémí awakùsà 27,660. Nínú àwọn tó ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ lẹ́ẹ̀kan, 18.4 nínú 100 ni èémí wọn ti dín kù láìpadà. Nínú àwọn tó ní in lẹ́ẹ̀mejì, 27.1. Nínú àwọn tó ní in lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 35.2. A lè sọ pé eruku ibi ìwakùsà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Blantyre ní Màláwì, níbi tí kò sí góòlù kankan, ìwádìí tó jáde ní 2020 tẹ̀ lé àwọn tó lé ní 400 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí oògùn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta wọn ni àyẹ̀wò èémí wọn kò dára, ọ̀nà èémí sì ti fẹ̀ kọjá ààlà lára àwọn tó ju 40 lọ nínú 100. Gbogbo wọn ló ti parí oògùn.

Ihò tó ṣófo kì í fi gbogbo ìgbà wà lófìfo. Aspergillus, èyí tó bá ohun tó ń hù sára búrẹ́dì tó bu tan, ń fò nínú afẹ́fẹ́ ibi gbogbo, ó sì fẹ́ràn ihò. Níbí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti tún wúlò, nítorí pé antibody Aspergillus tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní ihò jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára. Ní Bìrìtéènì, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 544 tí ikọ́ ẹ̀gbẹ fi ihò ńlá sílẹ̀ fún. Ìdá mẹ́rin wọn ló ní antibody náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó ti di 34 nínú 100. Ní Èkó àti Ìlọrin, Rita Oladele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún ènìyàn 208, ìwádìí náà sì jáde ní 2017: 8.7 nínú 100 ló ní àrùn Aspergillus inú ẹ̀dọ̀fóró. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa wúkọ́, a máa rù, a sì lè máa pọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan a tún fi oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun fún un, nígbà tó jẹ́ pé oògùn mìíràn pátápátá ni àrùn náà ń fẹ́.

Bó bá jẹ́ pé ara ló ń wó ilé, ṣé a kò lè mú un lọ́wọ́ ni? Wọ́n ti ń gbìyànjú rẹ̀. Doxycycline, oògùn tí kò wọ́n rárá, lè dín agbára MMP kù. Ní Singapore, wọ́n fi fún ìdajì nínú ènìyàn 30 fún ọjọ́ 14 pẹ̀lú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ wọn. Èsì tó jáde ní 2021 fi hàn pé MMP wálẹ̀, ihò sì kéré sí i. Ní ọdún kan náà, ìwádìí mìíràn láti Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé èémí àwọn tó gba everolimus tàbí CC-11050, àwọn oògùn tó ń mú ìjà ara rọlẹ̀, kún oògùn wọn sàn ju ti àwọn yòókù lọ ní ọjọ́ 180. Ìwádìí kéékèèké ni wọ́n, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí wọn lọ ra oògùn fúnra rẹ̀. Ibi tí àmì inú ẹ̀jẹ̀ yóò ti wúlò jù nìyí: láti mọ ẹni tí ara rẹ̀ ń jà ju bó ṣe yẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ògiri tó wó.

Ní 2023, mílíọ̀nù 10.8 ènìyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ikọ́ ẹ̀gbẹ mú káàkiri ayé, Nàìjíríà sì kó 4.6 nínú 100 wọn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ibùdó ìjọba. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá mọ́, tí oṣù mẹ́fà pé, wọn a kọ ọ́ sínú káàdì pé àìsàn ti lọ, òótọ́ sì ni. Ẹni tó gba káàdì náà tí kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ láìdúró mí, kí ó má ṣe jẹ́ kí èsì ẹ̀jẹ̀ tó dára tàn án jẹ. Kí ó béèrè fún fọ́tò àyà, kí ó sì béèrè fún àyẹ̀wò spirometry, èyí tí kò ju fífẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kí wọ́n tó pa fáìlì rẹ̀ dé.